Ilé oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò tó wà ládùúgbò wa ní Houston: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé tó bi mí nípa àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké tí wọ́n kọ "Taquería" sí iwájú wọn, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń ta taco, oúnjẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ẹran lé. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ kò jìnnà sí wọn. Nígbà mìíràn, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ló ń gba iwájú wọn kọjá láti ọdún dé ọdún láì wọlé. Ó ń dùn mí, nítorí lẹ́yìn oúnjẹ tí a bá sè fúnra wa, ibẹ̀ ni mo ti rí èyí tó sún mọ́ tiwa jù lọ ní ìlú yìí. Mo kó àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù jọ síbí.

Irú ilé oúnjẹ wo gan-an lẹ ń sọ?

Èyí tí tábìlì rẹ̀ ò ju mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ. Bàbá ń dáná lẹ́yìn, ìyá ń gba owó, ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ló ń gbé oúnjẹ wá. Bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwòrán Màríà Wúńdíá ti Guadalupe wà lára ògiri, ìgò ata méjì sì wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé. Mi ò sọ ti àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń fi iná aláràbarà pe èrò. Ní Houston níbí, ẹ máa rí wọn lójú títì Bissonnet, Hillcroft, Bellaire àti Long Point.

Ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù ní ìlú yìí, kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Opó ni Ninfa Laurenzo tó dá a sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tortilla, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo tàbí àlìkámà ṣe, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ní ò fi bẹ́ẹ̀ mówó wọlé mọ́. Ní ọdún 1973 ó to tábìlì 10 sí iwájú ilé iṣẹ́ náà lójú títì Navigation, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹran yíyan tí wọ́n fi tortilla wé. Bí iṣẹ́ ṣe là nìyẹn.

Ṣé oúnjẹ tí kò wọ́n bẹ́ẹ̀ lè dáa?

Níbo lẹ ti jẹ àmàlà tó dùn jù láyé yín, òtẹ́ẹ̀lì ni àbí búkà? Ohun tí a ń wò ní búkà náà ni kí ẹ wò níbẹ̀: èrò. Bí ó bá di agogo méjìlá ọ̀sán tí ẹ rí àwọn ọkùnrin tó ń kan òrùlé, tí eruku ṣì wà lára bàtà wọn, tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà, ẹ tò sẹ́yìn wọn. Àwọn yẹn ò ní owó tí wọ́n máa fi ra oúnjẹ burúkú.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Michelin, àwọn tó ń fi ìràwọ̀ dá ilé oúnjẹ lọ́lá káàkiri àgbáyé, fún ilé taco kan ní Mexico City ní ìràwọ̀ kan. El Califa de León lorúkọ rẹ̀. Ihò kékeré kan ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, oríṣi taco mẹ́rin péré ni wọ́n ń tà, ìdúró sì ni èrò ń jẹ ẹ́.

Mi ò gbọ́ Sípáníìṣì. Báwo ni mo ṣe máa sọ ohun tí mo fẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ kí wọn. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo máa kọ síbí, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn wa tí wọ́n gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹ ò lè wọ ilé onílé kí ẹ kàn máa nawọ́ sí oúnjẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, "buenos días". Lọ́sàn-án, "buenas tardes". Lálẹ́, "buenas noches". Àwọn náà ní ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ káalẹ́, bí ẹ bá sì ti kí wọn, ojú wọn á yí padà sí yín.

Ohun kan tún wà tí Yorùbá máa tètè mọ̀. Àwọn ará Mẹ́síkò ní "tú" àti "usted", gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ló ń dá yín lóhùn, "usted" ni, kí ẹ sì fi "señora" tàbí "señor" kún un. Ìyá tó ń gba owó níbi tí mo ti ń jẹun ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mi ò lè pè é lórúkọ lásán, bí mi ò ṣe lè pe ìyá ọkọ mi lórúkọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbólóhùn mélòó kan ti tó. "Para aquí" ni pé ẹ máa jẹ ẹ́ níbẹ̀. "Para llevar" ni pé ẹ máa gbé e lọ sílé. Bí wọ́n bá ní "¿con todo?", wọ́n ń béèrè bóyá kí wọ́n fi àlùbọ́sà àti ewé cilantro sí i. Ẹ dáhùn pé "sí". Àwọn ọmọ wọn tó dàgbà síbí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èdè dá yín dúró.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín taco, burrito, quesadilla àti torta?

Taco ni tortilla kékeré tí wọ́n kó ẹran lé. Burrito ni tortilla ìyẹ̀fun àlìkámà tó tóbi, wọ́n kó ẹ̀wà, ìrẹsì àti ẹran sínú rẹ̀, wọ́n ká a bí ẹní. Quesadilla ni èyí tí wọ́n fi ṣíìsì sí, tí wọ́n pa dé, tí wọ́n sì gbé lé irin gbígbóná títí ṣíìsì á fi yọ́. Torta ni búrẹ́dì tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n kó nǹkan sí láàárín. Bí ẹ bá jẹ́ àlejò, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí taco. Mẹ́ta á tó ẹni tí ebi ò pa jù.

Òórùn tortilla àgbàdo wọn ṣàjèjì sí mi. Kí ni wọ́n fi sí i?

Inú mi máa ń dùn bí ẹnìkan bá bi mí ní èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wọn wà.

Ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe ògì. Ìyá wa á rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí á fi kan díẹ̀, kí ó tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, kí ó tó sẹ́ ẹ. Àwọn ará Mẹ́síkò gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á se àgbàdo gbígbẹ nínú omi tí wọ́n po "cal" mọ́, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tó ń wá láti ara òkúta tí wọ́n ti sun. Wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ sínú omi náà mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, èèpo àgbàdo á ti rọ̀, á máa yọ́ bọ́ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Àgbàdo yìí ni wọ́n ń pè ní nixtamal, wọ́n á lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun rírọ̀ tó ń jẹ́ masa. Ọ̀rọ̀ Nahuatl, èdè àwọn Aztec, ará Mẹ́síkò àtijọ́, ni nixtamal, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe eérú sì wà nínú rẹ̀, nítorí omi eérú náà ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Omi cal ló ń jẹ́ kí masa so pọ̀ láì fọ́. Òun náà ló ń tú fítámínì B3 tó wà nínú àgbàdo sílẹ̀ kí ara lè rí i lò. Nígbà tí àgbàdo dé Yúróòpù, àti nígbà tó di oúnjẹ àwọn tálákà ní gúúsù Amẹ́ríkà níbí, wọ́n mú àgbàdo, wọ́n fi ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí kò rí nǹkan mìíràn jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ní àìsàn pellagra: ara wọn ń bó, ọpọlọ wọn ń dàrú, ọ̀pọ̀ wọn sì kú. Àwọn obìnrin Mẹ́síkò ti ní ìdáhùn rẹ̀ nínú ìkòkò wọn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Bí ẹ bá ráyè, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí ẹni tó ń ṣe é. Obìnrin náà á bu masa tó tó ẹyin adìyẹ, á yí i rògbòdò láàárín àtẹ́lẹwọ́, á fi irin tẹ̀ ẹ́ di pẹlẹbẹ, á sì jù ú sórí irin gbígbóná tí wọ́n ń pè ní comal. Á fi orí ìka yí i padà lẹ́ẹ̀kan, á yí i lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ á wọ àárín rẹ̀, á wú sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Òórùn tó ń jáde nígbà yẹn lẹ ń sọ. Ó dà bí ti àgbàdo sísun, àmọ́ ó ń fara jọ ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ẹran wo ni kí n ní kí wọ́n fi sí i?

Ayé ń sá fún orí, ìfun àti ẹsẹ̀ ẹran ní Amẹ́ríkà yìí. Àwa ò sá fún un, àwọn ará Mẹ́síkò náà ò sá fún un. Ẹni tó bá ń wá ṣàkì tí kò mọ ibi tó máa yà sí, kó yà síbẹ̀.

"Lengua" ni ahọ́n màlúù. Wọ́n á bọ̀ ọ́ títí á fi dẹ̀, wọ́n á bó awọ rẹ̀ dànù, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́. Ó rọ̀ ju ẹran èyíkéyìí tí mo mọ̀ lọ, òun ni mo máa ń jẹ. "Cabeza" ni ẹran orí, "barbacoa" ní Texas sì sábà máa ń jẹ́ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ooru sè mọ́jú. "Tripas" ni ìfun. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gbẹ kí ó sì máa ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu, ẹ ní "bien doradas". "Menudo" ni ọbẹ̀ ṣàkì pẹ̀lú àgbàdo tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi bọ̀kọ́tọ̀ sí i. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ ibi ń sè é, nítorí náà ẹ lọ ní kùtùkùtù, ó máa ń tán. "Birria" láti ìpínlẹ̀ Jalisco, ẹran ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń sè é ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ti màlúù ló pọ̀ níta báyìí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní "de chivo". Bí wọ́n bá ní, ẹ má bi mí mọ́, ẹ jẹ ẹ́.

Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà, "asada" ni ẹran màlúù yíyan, "pollo" ni adìyẹ.

"Al pastor" ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ata pupa kùn, tí wọ́n to sára irin tó dúró gbọọrọ, tí iná ń jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ṣe ń yí. Bí ẹ bá rí i, ẹ máa ní ṣàwámà ni. Ẹ ò ṣìnà. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ṣí wá sí Mẹ́síkò ló mú ọ̀nà yíyan náà wá, àwọn ará Lẹ́bánónì náà ló sì gbé ṣàwámà dé Èkó.

Mùsùlùmí ni mí. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún?

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn mo mú Alhaja kan, ọ̀rẹ́ ìyá mi, lọ jẹun. Mo rí i dájú pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ò sí nínú taco wọn, ọkàn mi sì balẹ̀. Àwo ẹ̀wà ti dé ìdajì kí ó tó wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ohun tí wọ́n fi dín in. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni. Onílé oúnjẹ ò ṣẹ̀ mí, òun ò fi pa mọ́, èmi ni mi ò béèrè. Alhaja rọra gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ní Ọlọ́run mọ̀ pé àwọn ò mọ̀. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ṣì wà lára mi.

Nítorí náà: "al pastor", "carnitas", "chorizo" àti "chicharrón", ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. "Manteca" ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ó sì ń wọ inú ẹ̀wà dídín, tamal (masa tí wọ́n wé, tí wọ́n fi ooru sè) àti tortilla àlìkámà láì hàn sójú. "Frijoles charros", ẹ̀wà olómi, ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Ìrẹsì pupa wọn lè jẹ́ omi adìyẹ ni wọ́n fi sè é. Gbólóhùn tí ẹ máa sọ ni "¿Tiene manteca?" Tortilla àgbàdo ní tirẹ̀, àgbàdo, omi àti cal lásán ni.

Ti pípa ẹran tún yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ àwọn ilé wọ̀nyí, ẹran náà kì í ṣe hàláàlì. Ẹja ("pescado") tàbí edé ("camarón") lẹ lè jẹ, àmọ́ ẹ béèrè bóyá orí irin kan náà ni wọ́n ti ń dín ẹlẹ́dẹ̀. Ní Houston, àwọn ilé taco tó ń lo ẹran hàláàlì ti wà, bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ṣé ata wọn tó ata?

Ó tó. Ẹ má fojú di èyí tó jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ wa rò pé pupa nìkan ló ń ta, a dà á lé oúnjẹ bí ọbẹ̀, omi ojú sì dé. Tomatillo, èso kan tó jọ tòmátì tútù tó kan díẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe ti aláwọ̀ ewé pẹ̀lú ata serrano tàbí jalapeño. Ti pupa sábà máa ń jẹ́ ata gbígbẹ tí wọ́n sun. Ẹ kán díẹ̀ sórí tortilla dídín tí wọ́n bá gbé wá, ẹ tọ́ ọ wò ná. Bí wọ́n bá ní habanero, ìdílé kan náà ni òun àti ata rodo, ẹ máa mọ̀ ọ́n láti òórùn rẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata rodo, tàtàṣé àti ṣọ̀ǹbọ̀ wa ti wá, lẹ́yìn ọdún 1492. Ibẹ̀ náà ni àgbàdo ti wá, òun àti tòmátì àti píà. Ọ̀rọ̀ "tòmátì" tí ìyá wa ń pè lọ́jà, "tomatl" ni lẹ́nu àwọn Aztec. Bí a bá jókòó sídìí àwo wọn, ọbẹ̀ ata wa la tún ń bá pàdé níbi tó ti wá.

Ìrẹsì pupa wọn jọ jọ̀lọ́ọ̀fù. Ṣé bákan náà ni?

Ó jọ ọ́ lójú, kò jọ ọ́ lẹ́nu. Ata rẹ̀ ò pọ̀, kò ní táìmù àti kọrí. Ẹ jẹ ẹ́ bí ìrẹsì, ẹ má fi ti ìnáwó wé e.

Kí ni mo lè mu tí kì í ṣe ọtí?

Ẹ wo inú ìgò ńlá tó wà lórí káńtà. Èyí tó pupa bí ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n kọ "jamaica" sí, tí wọ́n ń pè ní "hamáíkà", zobo ni. Òdòdó ìṣápá pupa kan náà ni. Wọn kì í fi ata ilẹ̀ sí i, ṣúgà rẹ̀ sì pọ̀, àmọ́ nígbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti jí zobo wa."

Èyí tó funfun ni "horchata". Ìrẹsì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n fi sínámọ́nì àti ṣúgà sí ni. Ní Valencia ní Sípéènì tí orúkọ náà ti wá, òfìo ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn títí di òní, òfìo kan náà tí à ń jẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ní Mẹ́síkò, ìrẹsì gba ipò rẹ̀.

Ẹlòó ni mo máa ná, báwo sì ni ti owó tip?

Taco kan sábà máa ń wà láàárín dọ́là 2 sí 4. Owó orí ọjà ní Houston jẹ́ 8.25 nínú 100. Bí oúnjẹ yín bá jẹ́ dọ́là 20, owó orí á fi dọ́là 1.65 kún un.

Ti tip, owó tí à ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nínú. "Mo ti san owó oúnjẹ, kí ni mo tún ń san?" Òfin gbà kí agbanisíṣẹ́ ní Texas san dọ́là 2.13 fún wákàtí kan fún ẹni tó ń gba tip, iye yẹn ò sì tíì yí padà láti ọdún 1991. Bí tip ò bá gbé e dé dọ́là 7.25, ọ̀gá ló yẹ kó dí i, àmọ́ ohun tí ọmọ yẹn ń gbé lọ sílé lálẹ́, ọwọ́ yín ló ti ń wá. Lórí dọ́là 20, ẹ fi dọ́là 3 tàbí 4 sílẹ̀. Bí ẹ bá lè san án ní owó lọ́wọ́, ó sàn. Níbi tí ẹ ti lọ gba oúnjẹ fúnra yín lórí káńtà, dọ́là kan nínú ife ti tó.

A ti jẹun tán, wọn ò mú bíìlì wá. Ṣé wọ́n gbàgbé wa ni?

Wọn ò gbàgbé yín. Lójú wọn, kí èèyàn gbé bíìlì síwájú ẹni tí kò béèrè dà bí ìgbà tí wọ́n ń lé e jáde. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ rọra gbé ọwọ́ sókè, kí ẹ ní "la cuenta, por favor". Bí ilé oúnjẹ bá kún fún èrò, ẹ tètè béèrè.

Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ taco?

Ọwọ́ ni. Orí yín ni kí ẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe taco, kí omi ẹran má baà ṣàn bọ́ sára aṣọ. Wọ́n sábà máa ń fi tortilla méjì sábẹ́ ẹran. Bí ti òkè bá ya, ti ìsàlẹ̀ á gbà á. Ẹ fún òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i lórí kí ẹ tó gé e jẹ.

Nachos ń kọ́? Ṣé oúnjẹ Mẹ́síkò gidi ni?

Ní àwọn ọdún 1940, ní Piedras Negras, ìlú Mẹ́síkò tó wà lẹ́nu ibodè Texas, àwọn obìnrin kan dé sí ilé oúnjẹ, alásè ò sí nílé. Ignacio Anaya, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Nacho, dín tortilla, ó fi ṣíìsì àti jalapeño lé e. Orúkọ rẹ̀ ni oúnjẹ náà ń jẹ́ títí di òní. Àmọ́ ṣíìsì olómi aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń dà lé e ní pápá bọ́ọ̀lù, ti Texas nìyẹn.

Mo rí nǹkan tí wọ́n fi háríhá àgbàdo wé. Ṣé móínmóín ni?

Tamal ni. Àbàrí ló sún mọ́ jù, nítorí àgbàdo ni, kì í ṣe ẹ̀wà. Wọ́n á fi masa kùn inú háríhá àgbàdo, wọ́n á fi ẹran sí àárín, wọ́n á wé e, wọ́n á fi ooru sè é. Nínú oṣù Kejìlá, gbogbo ìdílé á péjọ, wọ́n á wé e di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nígbà yẹn, ẹ lè ra méjìlá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tú háríhá rẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́ o.

Ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ní "provecho". Kí ló ń sọ?

Ẹ̀yin ń jẹun, ó sì kí yín. Bí ẹni tó ń jẹun nílé wa ṣe máa ń ní "ẹ wá jẹun", tí ẹni tó ń kọjá á ní "ó á gba ibi ire o", bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dáhùn pé "gracias". Bàbá arúgbó kan máa ń jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà níbi tí mo ti ń jẹun lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú abọ́ menudo rẹ̀ àti tortilla mẹ́ta tí ó fi aṣọ wé kí ó má baà tutù. Tí mo bá ń jáde, mo máa ń sọ ọ́ fún un, "provecho, señor", á sì gbé ṣíbí sílẹ̀ ná kó tó dá mi lóhùn.